Kí A Tó So Yìgì, Ẹ Jẹ́ Kí A Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Wò

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, nígbà tí àwọn ènìyàn ń wọ bàtà wọn ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, bàbá kan fà mí sí ẹ̀gbẹ́, ó sì yọ ìwé pélébé kan láti inú àpò agbádá rẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí wọ́n so yìgì ọmọ rẹ̀ obìnrin. Màlúù ti wà lórí ìso, aṣọ ẹbí ti wà lọ́dọ̀ télọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó ti ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bọ̀ sọ pé AS ni ọmọ náà, AS náà sì ni ọkùnrin tí yóò fẹ́ ẹ. Bàbá náà wò mí lójú, ó ní: "Alfa, ẹ dákun, ọmọ yìí kò ṣe àìsàn kan rí ju ibà lọ. Èmi àti ìyá rẹ̀, ara wa le. Ibo ni ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé yìí ti wá? Ta ni ó fi sí i lára?"

Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń béèrè irú ìbéèrè yìí. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí nínú ẹbí, ojú ìyá ni a kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà ojú ìyá àgbà, lẹ́yìn náà ojú ará ilé tí a kò fẹ́ràn tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a ṣàlàyé lónìí ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti rí nípa bí ọmọ ṣe ń jogún ara lọ́dọ̀ òbí, kí olúkúlùkù lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá àti ohun tí ó yẹ kí ó ṣe sí i.

RÀKÚNMÍ ALÁWỌ̀ EÉRÚ

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó síbi wáàsí yóò rántí ìtàn Lárúbáwá ará oko kan, ọmọ ẹ̀yà Fazara, tí ó tọ Ànábì Muhammad wá, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a. Ìtàn náà wà nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá. Ìyàwó ọkùnrin yìí bí ọmọ dúdú, ọkàn bàbá kò sì balẹ̀. Ànábì kò dá obìnrin náà lẹ́bi. Ó béèrè nípa àwọn ràkúnmí ọkùnrin náà ni, irú àwọ̀ tí wọ́n ní. Pupa ni wọ́n. Ó tún béèrè bóyá èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú wà láàrin wọn. Ó wà. Nígbà tí ó wá béèrè ibi tí èyíinì ti mú àwọ̀ tirẹ̀, ará oko náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó lè jẹ́ iṣan kan láti ìran àtijọ́ ni ó fà á. Ànábì sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ rẹ̀.

Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Ohun kan lè fara pamọ́ sára bàbá, kí ó ti fara pamọ́ sára bàbá àgbà, kí ó tó yọjú lára ọmọ. Ó lé ní 1,200 ọdún lẹ́yìn rẹ̀ kí àlùfáà ìjọ Páádì kan tí ń jẹ́ Gregor Mendel, ní ìlú Brno ní Yúróòpù, tó fi irúgbìn ṣe ìdánwò ọ̀rọ̀ yìí. Irú ẹ̀wà kan ni ó gbìn. Ó mú èyí tí kóró rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ó mú un gbà lára èyí tí kóró rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Gbogbo ohun tí ó kọ́kọ́ so jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tún gbin ìwọ̀nyí, àwọ̀ ewé padà yọjú, bí ọ̀kan nínú mẹ́rin. Kò kú, ó sá pamọ́ ni. Ní 1865 ni ó ka iṣẹ́ yìí fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn kò sì fi bẹ́ẹ̀ kà á sí títí di 1900.

WÀLÁÀ INÚ ARA

Bí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé, bẹ́ẹ̀ ni a fi ohun kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí kọ́ ara ènìyàn. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè wọ́n. Nínú sẹ́ẹ̀lì ni yàrá kékeré kan wà tí a tọ́jú ìwé ara sí. Okùn 46 ni a ká ìwé náà sí: 23 láti ọ̀dọ̀ bàbá, 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ohun tí a fi ṣe okùn náà ni wọ́n ń pè ní DNA. Ìpín kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀ tí ó ń sọ bí a ó ṣe ṣe ohun kan nínú ara ni jíìnì. Nítorí náà, ìwé méjì ni ènìyàn ní lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun, ọ̀kan ti bàbá, ọ̀kan ti ìyá. Kò sí èyí tí ó ga ju èkejì lọ.

Ní 1953 ni James Watson àti Francis Crick ní Cambridge sọ bí DNA ti rí. Àwòrán tí Rosalind Franklin àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yà ní London ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀. Ó dà bí àkàbà tí a lọ́ bí ìgbà tí a ń lọ́ okùn. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ ọ́: A, T, G àti C. A ni ó ń dojú kọ T, G ni ó ń dojú kọ C. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ di méjì, àkàbà náà á là láàrin, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan á wá ìkejì tí ó bá a mu, ìwé kan á sì di méjì tí ó jọra. Ìwé tí ọmọ ń gbà lọ́wọ́ òbí kan ṣoṣo tó bílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà.

Ẹni tí ó bá ti lọ ilé kéú rí á tètè mọ bí a ti ń lo ìwé yìí. Alfa kì í jẹ́ kí ọmọ kéú gbé Kùránì àgbà káàkiri. Ó ń kọ ibi tí ọmọ yóò kà sórí wàláà ni. Ọmọ á gbé wàláà lọ sí ìdí igi, bí ó bá kà á tán, á fọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni DNA kì í kúrò nínú yàrá rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ń da ìpín tí ó nílò kọ sórí wàláà tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní RNA, èyí á sì jáde lọ sí ibi iṣẹ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á ní lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta. Mẹ́ta kọ̀ọ̀kan ń pe èròjà kan, wọ́n á sì máa so èròjà mọ́ èròjà bí ẹni ń sín ọmọ tẹ̀sùbáà, títí ohun tí wọ́n ń ṣe á fi pé.

LẸ́TÀ KAN ṢOṢO

Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń sín bẹ́ẹ̀ ni himoglóbìn, ohun tí ó mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa, tí ó sì ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí símú láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Apá himoglóbìn tí ọ̀rọ̀ wa kàn ní èròjà 146. Nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní A, lẹ́tà tí ó ń pe èròjà kẹfà ni GAG. Nínú jíìnì S, ó ti di GTG. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó yí, èròjà kan ṣoṣo nínú 146 ni ó sì yàtọ̀. Vernon Ingram ni ó fi hàn ní Cambridge, ní 1956 àti 1957, pé èròjà kan náà ni gbogbo ìyàtọ̀ náà. Ọmọ kéú kò ní ka èyí sí ohun kékeré. Àámì kan lábẹ́ ni báà, méjì lórí ni tàá. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn.

Nígbà tí himoglóbìn S bá ti já afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì di ọ̀pá gígùn nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí ó yẹ kí ó rí roboto kí ó sì rọ̀, á le, á tẹ̀ bí dòjé, á sì dí ojú iṣan tóóró. Ibi tí ó bá dí ni ìrora á ti bẹ̀rẹ̀, nínú egungun, ní àyà, nínú ikùn. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó pé ń lo bí 120 ọjọ́. Èyí tí ó tẹ̀ kì í sábà lò ju 10 sí 20 lọ. Nítorí náà ni ẹ̀jẹ̀ fi ń tán lára aláìsàn, tí ojú rẹ̀ sì ń pọ́n. Àìsàn yìí ni a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ní 1910 ni James Herrick, dókítà kan ní Chicago, kọ nípa sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ̀ yìí, èyí tí ó rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti erékùṣù Grenada wá kọ́ iṣẹ́ eyín. Ṣùgbọ́n àìsàn náà ti ń pa ọmọ nílẹ̀ wa tipẹ́tipẹ́.

Ọmọ inú oyún ní irú himoglóbìn tirẹ̀ tí ó yàtọ̀, èyí sì ń dáàbò bò ó fún oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí a bí i. Ìdí nìyí tí ara ọmọ SS fi ń dán ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ó bá tó bí oṣù mẹ́fà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mélòó nínú àwọn Málọmọ́, àwọn Dúrójayé àti àwọn Kòsọ́kọ́ tí a sin ni ó jẹ́ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó pa wọ́n? A fi abẹ sí wọn lára, a so tírà mọ́ wọn lọ́rùn, a sì pe ìyá wọn ní orúkọ tí kò tọ́ sí i. Ìyá náà kò ṣẹ̀, bàbá náà kò ṣẹ̀. Olúkúlùkù wọn mú ọ̀kan wá, kò sì sí èyí tí ó mọ̀.

Ọ̀KAN NÍNÚ MẸ́RIN

A lè wá dá bàbá ọjọ́ Jímọ̀ yẹn lóhùn. AS kì í ṣe àìsàn. Ọmọ rẹ̀ ní A kan, ó ní S kan. A náà sì tó láti gbé ara ró. Ọ̀dọ̀ òun tàbí ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ ni S náà ti wá, bí tiwọn náà ti wá láti ọ̀dọ̀ òbí wọn. Kò sí ẹni tí ó fi sí i lára. Bí a bá kó ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin jọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn á jẹ́ AS. Anthony Allison sọ ìdí rẹ̀ ní 1954: ibà ẹ̀fọn kì í tètè pa ọmọ AS bí ó ti ń pa ọmọ AA. Ohun tí ó gba àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ ibà ni ó ń dá wa lóró nígbà tí méjì rẹ̀ bá pàdé.

Bí ọkọ AS bá fẹ́ ìyàwó AS, ọkọ á fi A tàbí S sílẹ̀ fún ọmọ, ìyàwó náà á fi A tàbí S sílẹ̀. Nínú oyún mẹ́rin, ìṣirò ní ká retí AA kan, AS méjì àti SS kan. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣì í gbọ́. Kì í ṣe pé bí mẹ́ta bá ti yè, ẹ̀kẹrin ni yóò jẹ́ SS. Kì í sì í ṣe pé bí àkọ́bí bá jẹ́ SS, a ti san gbèsè tán. Oyún kọ̀ọ̀kan ń ṣẹ́ kèké tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ilé kan lè bí mẹ́rin kí ara gbogbo wọn le; ilé kejì lè bí mẹ́ta kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ SS.

Bí AA bá fẹ́ AS, kò sí ewu SS. Jíìnì mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní C, a sì máa ń rí i láàrin àwa Yorùbá. Ẹni tí ó bá gba S àti C pọ̀ lè ṣe àìsàn náà pẹ̀lú, nítorí náà kí ẹni AC má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Ẹni tí a bá sì bi ní irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí ó ní O ni òun, kò tíì dáhùn. Ọ̀rọ̀ ẹni tí a lè fa ẹ̀jẹ̀ fún ni èyíinì; ó yàtọ̀ sí AA, AS, AC àti SS.

ṢÉ A Ń BÁ ỌLỌ́RUN DU IṢẸ́ NI?

Àwọn kan á ní kádàrà ni, pé ẹni tí ó bá ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ó tó gbéyàwó kò gba Ọlọ́run gbọ́ tó. Mo bẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ó sọ fún mi ìdí tí ó fi ń ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ lóru. Ṣé Ọlọ́run kò lè ṣọ́ ọ ni? Èmi kò sọ pé yìgì AS àti AS kò so. Ó so. Ṣùgbọ́n kí àwọn méjèèjì mọ ẹrù tí wọ́n ń gbé kí wọ́n tó gbé e, kí wọ́n sì rántí pé ọmọ tí yóò jẹ ìrora náà kò sí níbi ìjókòó.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà ní ilé ìwé ni ó yẹ kí wọ́n ti mọ irú ẹ̀jẹ̀ wọn, kí ìfẹ́ tó wọ̀ ọ́. Ẹ ṣe àyẹ̀wò náà ní ibi méjì, nítorí ilé àyẹ̀wò a máa ṣe àṣìṣe. Ẹ̀yin Lèmọ́mù wa, kí ẹ tó fún wọn ní ọjọ́, ẹ béèrè ìwé ẹ̀jẹ̀ bí ẹ ti ń béèrè owó yìgì àti àwọn ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ti bí ọmọ SS, ẹ má lé ìyàwó, ẹ má sì pa ọmọ tì. Ọ̀pọ̀ irú wọn ń dàgbà, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń tọ́ ọmọ tiwọn. Omi mímu púpọ̀, oògùn tí ń lé ibà sẹ́yìn, folic acid, abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti hydroxyurea bí dókítà bá kọ ọ́, ń ran ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́wọ́. Ní ìparí 2023, Britain àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Casgevy. Wọ́n á gba sẹ́ẹ̀lì tí ń bí ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n á tún DNA inú rẹ̀ ṣe kí himoglóbìn ìgbà oyún lè padà, wọ́n á sì dá a padà sí i lára. Iye tí wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà ni 2.2 mílíọ̀nù dọ́là. Owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò tó owó àpò ìrẹsì kan nínú èyí tí a ń sè níbi yìgì.

Mo sọ gbogbo èyí fún bàbá náà lórí ẹní mọ́ṣáláṣí títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì. Ó ká ìwé rẹ̀, ó ní òun yóò pe àwọn ọmọ méjèèjì kí wọ́n gbọ́ ọ fúnra wọn. Ní ọjọ́ kẹrin ni ó ránṣẹ́ sí mi pé wọ́n ti fi ẹnu kò láti tú u ká. Wọ́n pa màlúù náà, wọ́n fi ṣe sàárà. Ọmọbìnrin náà sunkún púpọ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí a lè fi nù ún lójú. Ṣùgbọ́n ó lé ní ọdún mẹ́ta tí àwọn méjèèjì ti ń fẹ́ra wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ọdún àkọ́kọ́ ni ìwé pélébé yẹn ti wọlé, ẹkún náà ìbá má tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ó di ọjọ́ tí màlúù bá wà lórí ìso. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọmọ tí yóò yè, kí ó sì fún wa ní òye láti tọ́jú èyí tí ó fún wa. Àmín.