Gbígbin Ọ̀pẹ Òyìnbó Tí Kò Lẹ́gùn-ún Sí Ẹ̀yìnkùlé

Ẹni tí ó bá ti wọ àárín ọ̀pẹ òyìnbó láti tu koríko rí yóò mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi fẹ́ gbìn ín sí ìtòsí ilé. Etí ewé rẹ̀ dà bí ayùn. Ṣùgbọ́n irú kan wà tí etí ewé rẹ̀ ń dán, tí ó jẹ́ pé ṣónṣó orí ewé nìkan ni ẹ̀gún díẹ̀ wà. Smooth Cayenne ni wọ́n ń pè é. Cayenne jẹ́ orúkọ ìlú kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Irú yìí ni ó yẹ ẹ̀yìnkùlé tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré.

Ohun tí a bá gbìn ni yóò sọ ìgbà tí a ó jẹ èso. Àwọn mìíràn a máa gé ewé orí èyí tí wọ́n rà lọ́jà, wọn a sì rì í mọ́lẹ̀. Yóò hù, ṣùgbọ́n ó lè tó ọdún 2 kí a tó rí èso jẹ. Ọmọ tí ó yọ nídìí ìyá rẹ̀ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó lè ṣeé ká láàárín oṣù 15 sí 18. Kí a tó gba ọmọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí a fi ìka tọ́ etí ewé rẹ̀ wò, nítorí ẹlẹ́gùn-ún a máa yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárín àwọn tí kò lẹ́gùn-ún.

A kì í gbìn ín lójú ẹsẹ̀. A ó tẹ́ ẹ sí ibòji fún ọjọ́ mélòó kan kí ojú ibi tí a ti gé e lè gbẹ, kí ó má baà jẹrà. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, a ó gbìn wọ́n lẹ́sẹẹsẹ: ẹsẹ̀ bàtà 1 láàárín ọmọ kan sí èkejì, ẹsẹ̀ bàtà 3 láàárín ìlà kan sí òmíràn.

Omi tí ó dúró ni ọ̀tá rẹ̀. Ọ̀dá kì í tètè pa á, nítorí ewé rẹ̀ ń gba ìrì àti òjò jọ sí àárín bí ife. Ṣùgbọ́n nínú ẹrẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ a rà. Ilẹ̀ oníyanrìn ni ó fẹ́. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀, kí a kọ ebè gíga. Ẹnu ibi tí omi ìwẹ̀ ń gbà jáde, níbi tí à ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí, kì í ṣe ààyè tirẹ̀ rárá. Kí a má sì da eérú sí i nídìí: ilẹ̀ tí ó ní ohun kíkan díẹ̀ nínú ni ó bá a lára mu, eérú sì ń pa kíkan náà.

Bí èèrà bá ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ nídìí rẹ̀, kí a yẹ ibẹ̀ wò. Kòkòrò kéékèèké funfun bí ìyẹ̀fun ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, àwọn kòkòrò wọ̀nyí ni ó sì ń kó àrùn tí ń mú ewé pọ́n, tí ó ń mú un rọ. Èyí tí àrùn náà bá ti mú, fífà tu ni kí a fà á tu, kí a sì sun ún.

Àléébù kan wà tí n kò ní fi pamọ́. Ẹ̀gún ni ọgbà ọ̀pẹ òyìnbó. Èyí tí kò ní in kò lè dá ewúrẹ́ dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dá afẹ́wọ́ dúró. Lójú tèmi, ó dára kí a gbin ẹlẹ́gùn-ún díẹ̀ sí ìhà ojú ọ̀nà, kí aláìlẹ́gùn-ún wà nínú.

Bí òdòdó bá ti yọ, sùúrù bí oṣù 6 ni ó kù. Ọ̀pẹ òyìnbó kò dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ń gé ní dúdú kí ó tó pọ́n nínú ilé. Adùn tí ó ní lọ́jọ́ tí a ká a kì í lé sí i mọ́. Nítorí náà, kí a dúró kí àwọ̀ ìyeyè gun òkè láti ìdí èso, kí òórùn rẹ̀ sì máa ta síni nímú. Èso kan ṣoṣo ni igi kan ń so. Lẹ́yìn èyí, a ó fi ọmọ ìdí 1 tàbí 2 sílẹ̀ láti so tiwọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èso wọn kì í sábà tó ti ìyá wọn, a ó sì wú ìyókù lọ gbìn sí ìlà tuntun.