Eyín Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé Kò Gbọdọ̀ Máa Kẹ̀

Kò sí olùkọ́ tí kò tíì rí ọmọ tí ó fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú nínú kíláàsì, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, tí ohun tí a kọ sára pátákó kò sì já mọ́ nǹkan kan fún un mọ́. Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé bẹ́ẹ̀ ni a dá eyín ọmọdé, pé yóò kẹ̀, a ó sì yọ ọ́. Èrò yìí kò tọ̀nà, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà ní Amẹ́ríkà.

Ní ọdún 1901, dókítà eyín kan, Frederick McKay, dé ìlú Colorado Springs, ó sì rí àbàwọ́n lára eyín ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà. Ohun tí ó yà á lẹ́nu ni pé eyín alábàwọ́n wọ̀nyí kì í sábà kẹ̀. Ọdún 1931 ni a tó rí ìdí rẹ̀: èròjà kan tí a ń pè ní fúlóráìdì ni ó pọ̀ jù nínú omi tí wọ́n ń mu. Dókítà H. Trendley Dean wá ṣe ìwádìí láti ìlú dé ìlú, ó sì rí i pé bí èròjà náà bá jẹ́ ìpín kan péré nínú mílíọ̀nù ìpín omi, yóò dáàbò bo eyín láì bà á jẹ́.

Ní ọjọ́ 25 oṣù January, ọdún 1945, ìlú Grand Rapids ní Michigan di ìlú àkọ́kọ́ ní ayé tí ó fi fúlóráìdì sínú omi ẹ̀rọ rẹ̀. Wọn kò fi ẹnu lásán ṣe ìdájọ́; eyín ni wọ́n kà, láti ẹnu àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30,000. Lẹ́yìn ọdún 11, eyín kíkẹ̀ láàrin àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ti fi ohun tí ó lé ní 60 nínú 100 dín kù. Ọmọ olówó àti ọmọ tálákà, omi kan náà ni wọ́n mu.

Ìlú Calgary ní Kánádà dá irú iṣẹ́ yìí dúró ní 2011. Ní ọdún méje lẹ́yìn náà, nǹkan bí 65 nínú 100 ọmọ kíláàsì kejì níbẹ̀ ni eyín wọn ti kẹ̀. Ní Edmonton tí kò dá tirẹ̀ dúró, nǹkan bí 55 ni. Ní 2025, Calgary tún bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́. Bí fúlóráìdì bá pọ̀ jù, a máa ba àwọ̀ eyín jẹ́. Bí ó bá pọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, a máa ba egungun jẹ́. Kì í sì í ṣe omi nìkan ni ọ̀nà rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù tí kò fi í sínú omi, eyín kíkẹ̀ dín kù bákan náà nígbà tí ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fúlóráìdì di ohun tí ó wà nílé gbogbo ènìyàn.

Èyí ni ó kan àwa náà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti fọ eyín ní òwúrọ̀ àti kí wọ́n tó sùn, kí wọ́n sì tu ọṣẹ náà dànù, kí wọ́n má gbé e mì. Ẹ̀yin òbí, ẹ wo ara páálí bóyá fúlóráìdì wà nínú èyí tí ẹ rà. Fún ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, ìwọ̀n wóró ẹ̀wà kan ti tó. Ẹ sì dín súìtì kù. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó.