Àwọn Tó Mọ Ibi Tó Ń Dun Kọ̀ǹpútà

Bí èèyàn bá gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ti lo ọdún mẹ́wàá wọ Computer Village n'Íkẹjà, kò ní tíì rìn jìnnà kí ẹnìkan tó sọ fún un pé bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti kú, pé kó jẹ́ kí wọ́n bá a wá tòkunbọ̀ mìíràn. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣí ẹ̀rọ náà wò. Mo ti gba irú ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ rí, mo sanwó bọ́ọ̀dù, kó tó hàn pé ráàmù ló dọ̀tí.

Àwọn oníṣòwò ló kún ọjà yìí, tó gbèrú láti òpópónà Otigba nígbà tí ọ̀rúndún tó kọjá ń parí lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn wọn ni àwọn ẹnjiníà jókòó sí, ọ̀pọ̀ wọn ló sin ọ̀gá fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó gba fírídọ̀ọ̀mù.

Ọ̀dọ̀ iná ni èyí tó mọṣẹ́ nínú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí iná wa ṣe ń wálẹ̀ tó tún ń fò sókè lójijì, páwà páàkì ló ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ẹnjiníà á yọ ọ́ kúrò lára bọ́ọ̀dù, á fi wáyà kékeré so ojú aláwọ̀ ewé mọ́ dúdú. Bí fáànù bá yí, páàkì náà ò tíì kú. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ń dúró síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń ṣìnà: fáànù lè máa yí kí agbára má pé. Kí wọ́n so ó padà mọ́ bọ́ọ̀dù, kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n wá fi mítà wọ̀n ọ́: ojú tó yẹ kó mú volt 12 wá kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 11.4 lọ. Kí onílé má tú inú páàkì fúnra rẹ̀ o, torí iná ṣì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ lára ògiri.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan etí. Bí ẹ̀rọ bá ń ké píì, píì, tí ojú rẹ̀ sì dúdú, ráàmù ni wọ́n ń fura sí. Wọn á yọ ọ́, wọn á fi ìrésà ọmọ ilé-ìwé nu eyín rẹ̀. Bí ọjọ́ tí ẹ̀rọ ń fi hàn bá ń padà sí ọdún àtijọ́, bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 ti ń tán. Bó bá ń kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, eruku ọyẹ́ lè ti dí fáànù. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù àwọn ọdún 2000 sí 2007 sì ní àrùn tiwọn: kàpásítọ̀ tí orí rẹ̀ wú, tó ń jò.

Ṣùgbọ́n bí háàdì díìsìkì bá ń dún kọ́, kọ́, kọ́, kí gbogbo àyẹ̀wò dúró. Ẹ kọ́kọ́ kó ohun inú rẹ̀ jáde. Èsì ìdánwò ọmọ ilé-ìwé, orúkọ àwọn ọmọ ìjọ, fọ́tò ìyá tó ti lọ: kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń tà wọ́n n'Íkẹjà.

Ní ọdún 2005, àjọ Basel Action Network gbé ìròyìn jáde pé púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà àlòkù tó ń wọ Èkó kò ṣeé tún ṣe, pé orí ààtàn ni wọ́n ń sùn, tí wọ́n sì ń dáná sun wọ́n níbẹ̀. Nítorí náà, ó ń dùn mí bí wọ́n bá ju èyí tó ṣì lè ṣiṣẹ́ sórí wọn.

Ẹnjiníà tí mò ń lọ bá báyìí ń pààrọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo, á tan ẹ̀rọ wò, kó tó fọwọ́ kan òmíràn. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì ń wò ó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé bátìrì tó yọ lé mi lọ́wọ́, ó sì fi mítà sí i níṣojú mi: volt 2.1. Ó fi sí tuntun: 3.