Oògùn Wo Ló Lè Pa Kòkòrò Egbò Ajá Yín?

Ní Yoko àti ní àwọn abúlé tó yí i ká, ajá ń bá ọdẹ wọ igbó, ó sì ń ṣọ́ ilé lóru. Bí ó bá fara gbọgbẹ́, tí egbò náà ń ṣe ọyún, àwọn kan a máa ra hóró oògùn lọ́jà, wọn a là á, wọn a da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò. Nígbà mìíràn egbò á jinná. Nígbà mìíràn, pàbó ni.

Kí ló fà á?

Kòkòrò kéékèèké tí ojú kò lè rí ló ń fa ọyún. Oògùn tó ń pa wọ́n ni à ń pè ní antibiotique. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ni kòkòrò. Oògùn tó pa ọ̀kan lè má ran èkejì. Bí a bá sì ń lò ó ní ìlòkulò, èyí tí kò kú á máa bí sí i, oògùn náà kò ní ràn án mọ́. Irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ lè kúrò lára ajá bọ́ sára ọmọ tó ń bá a ṣeré.

Báwo ni a ṣe ń mọ oògùn tó yẹ?

Àyẹ̀wò kan wà tó ń jẹ́ antibiogramme. Dókítà ẹran á fi òwú mímọ́ gba ọyún, á fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Níbẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí kòkòrò náà hù, wọ́n á fi ra ojú oúnjẹ kòkòrò tó dì bí ẹ̀kọ nínú àwo pẹlẹbẹ. Wọ́n á to bébà róbótó kéékèèké lé e. Oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú bébà kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kejì, ibi tí oògùn bá ti ṣiṣẹ́, kòkòrò kò ní hù yí bébà náà ká. Wọ́n á fi rúlà wọn àyè òfìfo náà.

Òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan

Ẹ wo ọjà gààrí. Bí olúkúlùkù bá mú igbá tirẹ̀ wá, ta ni yóò mọ gààrí tó wọ́n? Bákan náà ni ti àyẹ̀wò yìí. Bí oúnjẹ inú àwo bá nípọn jù, àyè òfìfo á kéré, wọ́n á sì rò pé oògùn tó dára kò ṣiṣẹ́. Ní 1966, Bauer, Kirby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà kọ ìlànà kan jáde kí gbogbo ilé àyẹ̀wò lè máa ṣe é bákan náà. Lónìí, àjọ CLSI ní Amẹ́ríkà àti EUCAST ní Yúróòpù ló ń bójú tó irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ inú àwo gbọ́dọ̀ nípọn tó nǹkan bíi milimítà 4. Ooru ibi tí wọ́n gbé e sí á tó nǹkan bíi 35 degree, fún wákàtí 16 sí 20.

Ajá kì í sì í ṣe ènìyàn. Oògùn kì í rìn nínú ara àwọn méjèèjì bákan náà. Nítorí náà ni CLSI fi ní ìwé ọ̀tọ̀ fún ẹranko, tí EUCAST náà sì dá ìgbìmọ̀ VetCAST sílẹ̀ ní 2015. Ilé àyẹ̀wò tó bá fi òṣùwọ̀n ènìyàn dájọ́ fún ajá lè ní oògùn yóò ṣiṣẹ́, kí ó má ṣiṣẹ́.

Ìgbà wo la nílò rẹ̀?

Àyẹ̀wò yìí ń náni lówó, kì í sì í ṣe gbogbo egbò ló nílò rẹ̀. Èyí tó ti gba oògùn tí kò san, tàbí tó san tó tún padà, ni ó tọ́ sí jù. Bí egbò bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ má tún ra oògùn mìíràn kí dókítà tó gba ọyún, nítorí oògùn inú ara lè má jẹ́ kí kòkòrò hù nínú àwo. Ẹ sọ oògùn tí ẹ ti lò fún un. Èsì lè gba ọjọ́ bíi mélòó kan. Kí ó tó dé, ẹ máa fi omi iyọ̀ tí ẹ ti sè, tó ti tutù, fọ egbò náà, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀.