Àwọn Tí Ń Ka Ọjọ́ Orí Eku

Eku kékeré tí wọ́n ń sìn nínú yàrá ìwádìí kì í sábà lò ju ọdún 3 lọ kó tó kú, bó ti wù kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ tó. Eku mìíràn wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi jù ú lọ, tó ń lo ọdún 30 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ ní Kẹ́ńyà, Etiópíà àti Sòmálíà nilé rẹ̀. Kò nírun lára, awọ rẹ̀ ti hunjọ láti kékeré, eyín rẹ̀ sì yọ síta ètè kí iyẹ̀pẹ̀ má baà kó sí i lẹ́nu bó ti ń gbẹ́lẹ̀. Naked mole-rat ni àwọn òyìnbó ń pè é. Eku oníhòòhò ni màá máa pè é níbí.

Jennifer Jarvis, onímọ̀ nípa ẹranko ní Yunifásítì Cape Town, ló kọ́kọ́ jẹ́ kí ayé mọ bí wọ́n ṣe ń gbé. Ó kó wọn wá láti Kẹ́ńyà, ó ń sìn wọ́n, ó ń ṣọ́ wọn. Ní ọdún 1981 ó kéde pé bí ikán ni wọ́n ṣe ń ṣe: abo kan ṣoṣo ló ń bímọ láàárín wọn, àwọn yòókù ń gbẹ́lẹ̀, wọ́n ń wá oúnjẹ, wọ́n sì ń tọ́jú ọmọ rẹ̀. Rochelle Buffenstein bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun ló sì wá fi ọjọ́ orí àwọn eku yìí ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀. Nígbà tó kúrò ní New York lọ sí San Antonio, agbo eku rẹ̀ bá a lọ. Nígbà tó tún lọ sí Calico, ilé iṣẹ́ ìwádìí tí àwọn tó ni Google dá sílẹ̀ ní California, wọ́n tún bá a lọ.

Ẹni tó bá gbọ́ pé ẹnì kan ń ṣèwádìí ẹ̀mí gígùn lè rò pé oògùn ló ń pò. Iṣẹ́ ibẹ̀ kò jọ bẹ́ẹ̀. Yàrá tó móoru ni, iná ibẹ̀ kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, ọ̀pá oníke tí ojú ń rí inú rẹ̀ so àpótí mọ́ àpótí. Àwọn eku náà fúnra wọn ló ń ya àpótí kan sọ́tọ̀ fún ìgbọ̀nsẹ̀. Kò sí ẹni tí ń gbé omi fún wọn, inú kúkúndùnkún àti kárọ́ọ̀tì ni wọ́n ti ń rí omi. Ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni àkọsílẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n bí eku kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó kúrò nínú agbo, àti ohun tó mú un kúrò. Èyí tí wọ́n fún onímọ̀ mìíràn nígbà tó di ọmọ ọdún 10 kò sọ ìgbà tí yóò kú fún wa, ṣùgbọ́n ó jẹ́rìí pé òun lo ọdún 10 láìkú. Ẹ̀rí náà kò gbọdọ̀ sọnù.

Irú àkọsílẹ̀ báyìí la fi ń ṣírò ewu ikú. Ní ọdún 1825, Benjamin Gompertz, tó ń bá ilé iṣẹ́ adójútòfò ṣírò ní Lọ́ńdọ̀nù, fi hàn pé bí ọmọ ènìyàn ṣe ń dàgbà ni ewu ikú ń ga sí i, lọ́nà tó ṣeé ṣírò. Lóde òní a mọ̀ pé ó ń di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ọdún 8 síra. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún eku lásán, ajá àti ẹṣin, àfi pé tiwọn yára jù. Ní ọdún 2018, Buffenstein àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Calico gbé àkọsílẹ̀ eku oníhòòhò tó lé ní 3,000 jáde. Láti ìgbà tí eku náà bá ti bàlágà, ewu ikú rẹ̀ lójúmọ́ kan fi díẹ̀ lé ní ọ̀kan nínú 10,000, ibẹ̀ náà ló sì dúró sí. Ọdún ń gorí ọdún, ewu náà kò ga sí i.

Àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì kò gbà. Wọ́n ní àwọn eku tó dàgbà gan-an nínú àkọsílẹ̀ náà kò pọ̀ tó láti fi gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró. Mo rò pé wọ́n ṣe ohun tó tọ́, torí ọ̀rọ̀ tó tóbi báyìí yẹ kó rí alátakò. Ní ọdún 2024, nígbà tí àkọsílẹ̀ ti di ìlọ́po méjì, èsì kan náà ló jáde. Síbẹ̀, ìwádìí mìíràn ti fi hàn pé àmì ogbó wà lára àbùdá wọn. Ara wọn ń dàgbà, àmọ́ ogbó náà kò tíì máa pa wọ́n.

Ní Yunifásítì Rochester, Vera Gorbunova àti Andrei Seluanov rí ohun kan tó ń yọ̀ nínú ẹran ara eku oníhòòhò, tó ń dènà jẹjẹrẹ. Wọ́n mú àbùdá tó ń pèsè rẹ̀ sínú eku lásán, ní ọdún 2023 wọ́n sì ròyìn pé ẹ̀mí wọn fi nǹkan bí ìdá 4.4 nínú 100 gùn sí i. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ìyẹn ta oògùn àìdarúgbó fún yín, ẹ má dá a lóhùn.

Ohun tó ń ká mi lára ni pé owó ìwádìí ní Amẹ́ríkà kì í sábà kọjá ọdún 5 lẹ́ẹ̀kan. Eku tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí owó náà wọlé, ọmọdé ni yóò ṣì jẹ́ lọ́jọ́ tó bá tán. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń bí lónìí yóò ṣì wà láàyè lẹ́yìn tí ẹni tó ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ bá ti fẹ̀yìn tì. Yunifásítì tó bá gba irú agbo yìí sọ́dọ̀ gbọ́dọ̀ ti yan ẹni tí yóò máa bá àkọsílẹ̀ náà lọ, kó sì ti ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹni tó dá a sílẹ̀ tó kúrò níbẹ̀.