Kókó abẹ́ awọ àti wárápá: ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó

Bí ẹ bá fọwọ́ kan kókó kékeré lábẹ́ awọ, tó tó hóró ẹ̀wà, tí kì í dunni, ẹ má gé e, ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ gún un. Ó lè jẹ́ àpò ọmọ aràn ẹlẹ́dẹ̀. (Kì í ṣe gbogbo kókó ni tirẹ̀: èyí tí àrùn eṣinṣin etí odò ń fà sábà máa ń wà lórí egungun ìbàdí.)

Ẹni tó jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí kò jinná lè ní aràn pẹlẹbẹ nínú ìfun. Ẹyin aràn náà ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Bí ẹyin ọ̀hún bá gba ọwọ́ àìfọ̀ tàbí omi ẹlẹ́gbin wọ ẹnu ẹlòmíràn, ọmọ rẹ̀ á bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹran ara, ojú, ọkàn tàbí ọpọlọ, á sì di àpò níbẹ̀; ti ọpọlọ lè fa wárápá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò jẹ ẹlẹ́dẹ̀ rí náà fi lè kó o.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa ní Savalou àti Bantè, ní Benin. Ní 1996, olùwádìí Avode àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí wárápá tí àpò aràn yìí ń fà ní Savalou gan-an. Itọ́ tó ń hó lẹ́nu ẹni tí wárápá mú kì í ranni. Ẹ má bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án: ẹ má fipá dì í mú, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Àyẹ̀wò ìgbẹ́ nìkan kò tó: aràn lè ti kúrò nínú ìfun, kí àpò ṣì wà nínú orí. Rédíò (fọ́tò X-ray) itan máa ń fi àwọn àpò tó ti kú tó sì ti le hàn, funfun tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo wọn kọjú síbi tí iṣan itan kọjú sí. Ti ọpọlọ, skánà ló ń fi í hàn, irú èyí tó wà ní ilé ìwòsàn CNHU ní Kútọnu: àpò omi róbótó, pẹ̀lú àmì bíńtín nínú rẹ̀, tí í ṣe orí aràn náà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wúlò, àmọ́ bó bá jẹ́ àpò kan ṣoṣo, ó lè má rí i.

Ẹ má ra albendazole, oògùn tó ń pa aràn, lọ́jà láti fi wo wárápá. Bí àpò bá kú lójijì nínú ẹyinjú, ojú lè fọ́. Bó bá jẹ́ nínú orí ni, ọpọlọ lè wú. Dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ inú ojú wò. Oògùn wárápá tí ẹ ń lò, ẹ má dá a dúró.

Ẹ tètè wá sọ́dọ̀ dókítà bí wárápá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára àgbàlagbà, tàbí bí orí fífọ́ bá ń bá èébì rìn. Bí ẹnikẹ́ni nílé bá sì ń rí ègé funfun pẹlẹbẹ nínú ìgbẹ́, àgàgà ẹni tó ń se oúnjẹ, ẹ mú òun náà wá.