Orúkọ àti Nọ́ńbà nínú Èdè Kọ̀ǹpútà

Ohun tí mo fẹ́ tú palẹ̀ lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n mo ti rí i tí ó da àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn rú.

Àwọn èdè kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n máa ń yẹ irú ohun kọ̀ọ̀kan wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Pascal, tí Niklaus Wirth ṣe ní Zurich ní 1970, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nínú rẹ̀, a lè dá irú tiwa sílẹ̀ nípa títo orúkọ lẹ́sẹẹsẹ: Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun, títí dé Àbámẹ́ta. Láti ìgbà náà lọ, Pascal kò ní gbà kí a ro Ajé pọ̀ mọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí pé ọjọ́ kì í ṣe iye.

Síbẹ̀, nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú wọn. Àìkú ni 0, Ajé ni 1, Àbámẹ́ta sì ni 6. (Òdo ìbẹ̀rẹ̀ yìí lè ya àwa lẹ́nu, àwa tí a ń ka òní mọ́ ọjọ́ kí a tó pe ọjọ́ tí ó ṣáájú àná ní ìjẹta.) Bí a bá fẹ́ mọ nọ́ńbà orúkọ kan, ọ̀rọ̀ náà *ord* ni a fi ń béèrè rẹ̀. Èyí kò léwu, nítorí kò sí orúkọ tí kò ní nọ́ńbà.

Ọ̀nà àbọ̀ ni ó léwu. Ọjọ́ wo ni 7? Kò sí. Ìlànà Pascal ti 1983 kò pèsè ọ̀nà àbọ̀ kankan fún irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ada, tí ìlànà tirẹ̀ jáde ní ọdún kan náà, pèsè é, ṣùgbọ́n bí a bá gbé 7 wá, ó kọ̀ ọ́, ó sì pariwo. C, nínú ìlànà 1989, gba 7 wọlé láìbéèrè ohunkóhun. Ada ni èmi fara mọ́.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tí Ada pàápàá kò lè rí. Mo mọ ilé-iṣẹ́ kan tí ó fi nọ́ńbà pa ipò ìwé àwọn tí ń tọrọ owó ẹ̀yáwó mọ́: Dídúró 0, Gbígbà 1, Kíkọ̀ 2. Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹnìkan ti orúkọ tuntun, Àyẹ̀wò, bọ àárín Dídúró àti Gbígbà. Gbígbà di 2, Kíkọ̀ di 3. Kọ̀ǹpútà kò ráhùn, nítorí pé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ṣì ní orúkọ. Àwọn tí a ti gbà fún padà sẹ́nu àyẹ̀wò. Àwọn tí a ti kọ̀ fún wá di ẹni tí a gbà fún.

Ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má sì yí i padà mọ́, kí Àyẹ̀wò gba 3, níbikíbi tí ó wù kí ó dúró sí nínú ìtò náà. C tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wí yìí gbà bẹ́ẹ̀. Ní Pascal, a ní láti fọwọ́ ara wa kọ ìlà tí yóò sọ pé 0 ni Dídúró, 1 ni Gbígbà, títí dé òpin, kí a sì kọ nọ́ńbà tí ó bá kù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi tú àwọn ìwé àtijọ́ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan.